Kọ́mẹ́ẹ̀tì tó ń yọ lálẹ́ yìí, ṣé ó máa fa òjò ìràwọ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?

TisaOgbomoso (16 October 2024)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Tsuchinshan-ATLAS yẹn, mo rí i lálẹ́ Monday lápá ìwọ̀ oòrùn, oòrùn ò tíì pẹ́ tó wọ̀. Ojú lásán ni mo fi rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrù ẹ̀ ò gùn tó èyí tó wà nínú fọ́tò táwọn èèyàn ń gbé kiri.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé ayé ti ń gba inú ìrù kọ́mẹ́ẹ̀tì yìí kọjá, pé tó bá fi máa di 21 October òkúta oníná á máa já bọ́ látọ̀run, kí kálukú jókòó sílé. Àwọn ọmọ SS2 mi ti gbé e dé kíláàsì, ìyá ọmọ kan tiẹ̀ pè mí lórí fóònù pé ṣé kóun má wulẹ̀ rán ọmọ wá síléèwé lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé eruku kọ́mẹ́ẹ̀tì ló ń di òjò ìràwọ̀, ìyẹn wà nínú ìwé. Èyí tí mi ò rí nínú ìwé ni pé tí kọ́mẹ́ẹ̀tì tuntun bá yọ, kí lèèyàn máa wò tó fi máa mọ̀ bóyá eruku tiẹ̀ á kàn wá àbí kò ní kàn wá? Mo ti rí tábìlì àwọn nọ́ńbà ẹ̀ lórí sáìtì NASA, q, e, i, pẹ̀lú lẹ́tà Gíríìkì méjì, mi ò kàn mọ èyí tí mo máa mú nínú wọn ni. Ṣé nǹkan tí ọmọ SS2 lè fi kákúlétọ̀ ṣe ni, àbí ó dìgbà téèyàn bá ní kọ̀ǹpútà ńlá?

MamaIbejiLeeds

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò ní sí nǹkan kan. Tó bá máa fa òjò ìràwọ̀ ni, International Meteor Organization á ti kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà wọn tipẹ́tipẹ́, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde, ibẹ̀ lèmi náà máa ń wò. Ẹ fi han ìyá ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

OjuOrunIbadan

Àǹtí Leeds, kàlẹ́ńdà yẹn dáa, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí Tíṣà ń béèrè ni pé báwo làwọn tó kọ kàlẹ́ńdà ṣe mọ̀. Tíṣà, ọmọ SS2 lè ṣe é dáadáa. Cosine nìkan ni wọ́n nílò.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo típà tó kó yanrìn láìbò ó, gbogbo títì tó bá gbà ló máa da yanrìn sí, tí ẹ̀yin ò bá sì dé títì yẹn ẹ ò lè tẹ yanrìn ẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ típà tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́mẹ́ẹ̀tì. Tí oòrùn bá ti ń mú un, yìnyín inú ẹ̀ á máa di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á máa gbé eruku jáde, eruku yẹn á wá máa tọ ọ̀nà tí kọ́mẹ́ẹ̀tì tọ̀. Torí náà ẹ má wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, ẹ má sì wo bó ṣe súnmọ́ wa tó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà ẹ̀ lẹ máa wò, bóyá ó pàdé ọ̀nà tiwa níbì kankan.

Ọ̀nà tí ayé fi ń yí oòrùn ká tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀nà kọ́mẹ́ẹ̀tì dàgẹ̀rẹ̀ sí i. Ibi méjì péré ló ti lè gba inú pẹrẹsẹ yẹn kọjá, ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, node ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni pé tó bá dé node, báwo ló ṣe jìnnà sí oòrùn tó? Àwa jìnnà sí oòrùn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, òun ni wọ́n ń pè ní AU 1. Tí node kan bá bọ́ sí nǹkan bí 1, a ti pàdé nìyẹn. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, eruku ń lọ tiẹ̀, àwa náà ń lọ tiwa.

Ẹ mú q, ìyẹn bó ṣe máa ń súnmọ́ oòrùn tó jù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1 + e (e ló ń sọ bí ọ̀nà ẹ̀ ṣe gùn tó: tó bá jẹ́ 0, róbótó ni, bó bá ṣe ń sún mọ́ 1 ló ṣe ń gùn sí i). Èsì yẹn, ẹ fi 1 + e cos ω pín in, ẹ ti rí node ìgòkè. Tẹ́ ẹ bá fi 1 − e cos ω pín in, node ìsọ̀kalẹ̀ nìyẹn. ω ni lẹ́tà Gíríìkì tó jọ w, òun ni igun tó wà láàárín node ìgòkè àti ibi tí kọ́mẹ́ẹ̀tì ti súnmọ́ oòrùn jù.

Ó yá, Tsuchinshan-ATLAS: q jẹ́ 0.391, e jẹ́ nǹkan bí 1, ω jẹ́ 308.5°. Cosine ẹ̀ jẹ́ 0.6225. Node ìgòkè, 0.782 pín sí 1.6225, ó jẹ́ 0.48. Node ìsọ̀kalẹ̀, 0.782 pín sí 0.3775, ó jẹ́ 2.07. Èkíní wà nínú lọ́hùn-ún láàárín ọ̀nà Mercury àti ti Venus. Èkejì ti kọjá Mars. Kò sí èyí tó sún mọ́ 1 nínú méjèèjì.

Kí wọ́n wá rí bó ṣe máa ń rí tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ fún wọn ní kọ́mẹ́ẹ̀tì Swift-Tuttle: q 0.9595, e 0.963, ω 153°. Node ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ 1.01, bẹ́ẹ̀ ní 12 August ayé náà wà ní 1.01. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì ò tó 0.001 AU! Òun ló ń fa òjò Perseid tá à ń rí ní August lọ́dọọdún. Kọ́mẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ò sí nítòsí o, 1992 ló wá kẹ́yìn, ó sì máa ń tó nǹkan bí 130 ọdún kó tó padà, ṣùgbọ́n eruku ẹ̀ ti yí gbogbo ọ̀nà yẹn ká.

AkinHouston

Ẹ̀gbọ́n OjuOrun, ìṣirò yẹn yé mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ ò mẹ́nu bà. Ní 14 October ayé gba inú pẹrẹsẹ ọ̀nà kọ́mẹ́ẹ̀tì yìí gan-an kọjá, kì í ṣe àhesọ, àwọn tó ń ya fọ́tò sọ ọ́ ṣáájú, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ìrù kejì yọ tó kọjú sí oòrùn dípò kó kọ̀yìn sí i. Eruku ni ìrù yẹn. Báwo la ṣe máa wà nínú pẹrẹsẹ tí eruku wà, tí eruku ò ní kàn wá? Èmi alára jókòó sẹ́yìnkùlé níbí lálẹ́ àná, mo rí ìràwọ̀ mélòó kan tó já, ọ̀kan tiẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Kò lè jẹ́ lásán.

AdunniFisiksi

Akin, ọjọ́ tó o dá yẹn tọ̀nà, àní ó wà nínú nọ́ńbà. Lẹ́tà Gíríìkì kejì, Ω ńlá, ló ń sọ apá ibi tí node ìgòkè wà. Ti kọ́mẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ 21.6°. Bẹ̀rẹ̀ láti 23 September, ka digíríì kan sí ọjọ́ kan, wàá bọ́ sí 14 October. Tíṣà, ẹ kọ èyí sílẹ̀ fáwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe máa mọ ọjọ́ nìyẹn. Fún node ìsọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fi 180 kún un, tó bá ju 360 kí wọ́n yọ 360 kúrò. Ó lè fi ọjọ́ mélòó kan yẹ̀ torí eré ayé kì í dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, pàápàá tí kíkà yẹn bá gba àárín ọdún kọjá.

Ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ọ̀nà yàtọ̀ sí ọ̀nà fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ 14 yẹn àwa àti node ìgòkè jọ wà lápá kan náà sí oòrùn lóòótọ́, òun ní 0.48, àwa ní 1. Àlàfo ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 75 kìlómítà lọ. Ìrù òdì tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ̀gbẹ́ la ti wo eruku tó tẹ́ sẹ́yìn kọ́mẹ́ẹ̀tì, ibi tá a dúró sí ló jẹ́ kó jọ pé ó kọjú sí oòrùn. Ohun tójú ń rí ni, kò túmọ̀ sí pé ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kan tún wà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn lágbára láti ti eruku tó kúnná gan-an jìnnà sí ọ̀nà kọ́mẹ́ẹ̀tì, torí ẹ̀ ni ìrù ṣe ń gùn tó bẹ́ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní irú eruku yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kéré jù kéèyàn fojú rí i tó bá ń jóná. Ìràwọ̀ tó ń já téèyàn ń rí, ìwọ̀n hóró yanrìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òmíràn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wúwo bẹ́ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn tó o rí yẹn, aago mélòó ni, apá ibo ni wọ́n sì ti wá? October kún fún ìràwọ̀ tó ń já. Òjò ìràwọ̀ Orionid wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, eruku kọ́mẹ́ẹ̀tì Halley ni. Òjò Taurid wà níbẹ̀, eruku kọ́mẹ́ẹ̀tì Encke nìyẹn. Kódà lálẹ́ tí kò sí òjò ìràwọ̀ kankan, ẹni tó bá jókòó sínú òkùnkùn tó nísùúrù máa rí díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ ni pé kó o fa ìlà ọ̀nà tó gbà sẹ́yìn, tí ìlà púpọ̀ bá pàdé lójú kan lójú ọ̀run, ojú yẹn ló máa sọ kọ́mẹ́ẹ̀tì tó ni wọ́n.

AkinHouston

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, apá ìlà oòrùn. Wọn ò yára, èyí tó mọ́lẹ̀ yẹn rọra lọ ni, mo tiẹ̀ rí i dáadáa kó tó kú.

AdunniFisiksi

Kì í ṣe Orionid nìyẹn, Orion ò tíì yọ lọ́dọ̀ yín ní aago mẹ́sàn-án. Orionid sì yára gan-an, kìlómítà 66 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó o tó ní "wò ó!" ó ti lọ. Èyí tó rọra lọ tó mọ́lẹ̀, tó ti ìlà oòrùn wá nírú àkókò yìí, Taurid ni mo máa pè é.

AraAbeokuta

Ẹ kú àlàyé o. OjuOrun, mi ò bá ẹ jà lórí Tsuchinshan-ATLAS, ṣùgbọ́n tí Tíṣà bá gbé òfin node yẹn fáwọn ọmọ bó o ṣe kọ ọ́ yìí, ó máa ṣì wọ́n lọ́nà lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá lọ dán an wò lórí Halley. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: q 0.587, e 0.967, ω 111.3°. Node ìsọ̀kalẹ̀ á jẹ́ 0.85, node ìgòkè 1.78. Tó bá jẹ́ òfin yẹn nìkan la fẹ́ tẹ̀ lé, Halley ò ní fa òjò kankan, àgàgà ní October. Bẹ́ẹ̀ méjì ló ń fà lọ́dún, Eta Aquariid ní May àti Orionid ní October!

Ìdí ni pé eruku tá à ń rí lónìí kì í ṣe èyí tí Halley tú sílẹ̀ ní 1986. Èyí tó tú sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni, òmíràn ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀nà ẹ̀ ò tíì rí bó ṣe rí báyìí. Júpítà àtàwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó kù ti fà á síwá sẹ́yìn, node ẹ̀ ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, eruku àtijọ́ sì wà níbi tó bá a. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí ọ̀nà méjì ti súnmọ́ra jù kì í fi dandan jẹ́ ojú node gan-an. Ti May yẹn, nǹkan bí 0.065 AU ni ọ̀nà Halley àti tiwa fi jìnnà síra níbi tí wọ́n ti súnmọ́ra jù. Ti October, nǹkan bí 0.15. Mílíọ̀nù 23 kìlómítà nìyẹn, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìràwọ̀ bí ogún ní wákàtí kan tí ojú ọ̀run bá ṣókùnkùn dáadáa.

Torí náà kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: tí node bá bọ́ sí 1, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìtàn kọ́mẹ́ẹ̀tì náà. Ṣé àgbà ni, tó ti ń lọ tó ń bọ̀ tipẹ́ nítòsí oòrùn, àbí àlejò? Tsuchinshan-ATLAS yìí, ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, àwọn ará Ṣáínà ní ibi ìwòràwọ̀ Zijinshan àti ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ ATLAS tó wà ní South Africa. Ibi tó jìnnà gan-an ló ti wá, e ẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ 1 gééré ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní eruku àtijọ́ kankan lágbègbè wa tá a fi máa bẹ̀rù àbí tá a fi máa retí ẹ̀.

OjuOrunIbadan

Ẹ ṣeun bàbá, ìyẹn dáa. Fún kọ́mẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ni Tíṣà béèrè.

MamaIbejiLeeds

Tó bá rí bẹ́ẹ̀ a jẹ́ pé kọ́mẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ò lè fa òjò ìràwọ̀ láé nìyẹn? Torí kò tíì da eruku sílẹ̀ rí.

AdunniFisiksi

Ó lè fà á o, àǹtí. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Mars. Kọ́mẹ́ẹ̀tì Siding Spring, 19 October 2014, láti ibi jíjìnnà lọ́hùn-ún lòun náà ti wá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Mars kọjá ní nǹkan bí 140,000 kìlómítà. Kò tó ìdajì àlàfo tó wà láàárín àwa àti òṣùpá! Kò sí pé à ń wá eruku àtijọ́ kiri, eruku ọjọ́ náà gan-an ló dà lé Mars lórí. NASA ti ṣètò kí àwọn sátẹ́láìtì wọn tó wà níbẹ̀ wà lẹ́yìn Mars lásìkò tí eruku máa pọ̀ jù. Nígbà tó yá, MAVEN, ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì yẹn, rí i pé irin bíi magnesium àti iron ti kún inú afẹ́fẹ́ òkè Mars, ara eruku tó jóná níbẹ̀ ni. Torí náà tí kọ́mẹ́ẹ̀tì tuntun bá súnmọ́ni tó bẹ́ẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀. Tsuchinshan-ATLAS ńkọ́? Lọ́jọ́ tó súnmọ́ wa jù, 12 October, mílíọ̀nù 70 kìlómítà ló fi jìnnà sí wa.

Ọ̀nà kejì tún wà, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Kọ́mẹ́ẹ̀tì Kiess, 1911 ni wọ́n rí i, nǹkan bí 2000 ọdún ló fi máa ń rìnrìn àjò kan. Eruku tó tú sílẹ̀ nígbà tó wá ṣáájú èyí, kí wọ́n tó bí Jésù, tín-ín-rín ló wà lójú ọ̀nà, kì í sábà kàn wá torí pílánẹ́ẹ̀tì ń fà á sọ́tùn-ún sósì. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Peter Jenniskens, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣírò pé ní 1 September 2007 ó máa bọ́ sójú ọ̀nà ayé. Wọ́n gbé ọkọ̀ òfúrufú lọ sókè lọ retí ẹ̀, ó sì wá! Nǹkan bíi wákàtí kan péré ni gbogbo ẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Tó o bá sùn gbàgbé, ó di kó o máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

IkoroduBoy

Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣírò yìí máa ń tàsé. Ní 2022 gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ń pariwo pé 31 May ìràwọ̀ máa rọ̀ bí òjò gidi, láti ara kọ́mẹ́ẹ̀tì kan tó fọ́. Kí ló wá dé? Díẹ̀díẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀. Kọ́mẹ́ẹ̀tì ISON náà, wọ́n ní eruku ẹ̀ lè kàn wá ní January 2014, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan. Ti òjò ìràwọ̀ Leonid 1899 tiẹ̀ wà nínú ìtàn, káàkiri ayé làwọn èèyàn ti ń ṣọ́ ọ, asán ni. Tíṣà, ẹ má fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ fún ìyá ọmọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

OjuOrunIbadan

Ìkòròdú, o ò purọ́ o, ṣùgbọ́n o da nǹkan méjì pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí eruku wà, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ń tàsé jù ni bó ṣe pọ̀ tó, torí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó ń ka hóró kọ̀ọ̀kan nígbà tí kọ́mẹ́ẹ̀tì ń tú u sílẹ̀. Ibi tó wà, ìyẹn ti di nǹkan tí wọ́n mọ̀ dáadáa.

Ẹ wo 1899 yẹn. Kọ́mẹ́ẹ̀tì Tempel-Tuttle ló ni Leonid, ọdún 33, 33 ló ń padà wá. 1833 ìràwọ̀ já ní Amẹ́ríkà débi táwọn èèyàn fi rò pé òpin ayé dé, 1866 ó tún wá fáwọn ará Yúróòpù. Àwọn èèyàn kàn fi 33 kún un, wọ́n ní 1899. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ méjì, Stoney àti Downing, ti ṣírò ẹ̀ ṣáájú ọjọ́, wọ́n kìlọ̀ pé Júpítà àti Saturn ti fa eruku náà kúrò lójú ọ̀nà. Ìṣirò ò tàsé, àwọn tó fi 33 kún un ló tàsé. Ní 1999 wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, David Asher àti Robert McNaught, mú eruku ìgbà kọ̀ọ̀kan tí kọ́mẹ́ẹ̀tì yẹn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tọ ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá aago tí ayé máa gba inú ẹ̀ kọjá ní 18 November. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló fi yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹlẹ̀!

2022 yẹn, kọ́mẹ́ẹ̀tì 73P ni, àwọn ará Jámánì méjì, Schwassmann àti Wachmann, ló rí i ní 1930, ó fọ́ ní 1995. "Tí" ló wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀: tí eruku 1995 bá fi eré tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jáde, á dé ọ̀dọ̀ wa, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kò ní dé. Àwọn tó gbé e sórí YouTube ló yọ "tí" kúrò. Èyí tó dé náà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an ló dé, ó rọra ń lọ bí wọ́n ṣe sọ, kìlómítà bí 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi ò pe ìyẹn ní àtàsé.

Ti ISON, torí pé kọ́mẹ́ẹ̀tì náà gba ibi tó súnmọ́ ọ̀nà ayé kọjá ni wọ́n ṣe sọ pé eruku kíkúnná lè dé, wọ́n sì sọ ọ́ ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kójú má rí i. Ẹ padà lọ ka ohun tí Àdùnní kọ lórí eruku kíkúnná.

IkoroduBoy

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tó wà àti bó ṣe pọ̀ tó. Òkúta ni wọ́n ní kó máa bẹ̀rù.

TisaOgbomoso (17 October)

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun àǹtí. Mo ti fi node ṣe iṣẹ́ kíláàsì láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ rí 0.48 àti 2.07 fúnra wọn, ariwo sọ! Ọmọ tí ìyá ẹ̀ pè mí wà níbẹ̀, òun ló kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Ìkòròdú sọ, ẹ̀rù òkúta ṣì wà nílẹ̀. Tí òjò ìràwọ̀ bá tiẹ̀ pọ̀ gan-an lọ́jọ́ kan, ṣé òkúta lè dé ilẹ̀?

AraAbeokuta

Kì í dé ilẹ̀, Tíṣà. Eruku kọ́mẹ́ẹ̀tì ò le, ó sì kéré, òkè lọ́hùn-ún ní nǹkan bí 100 kìlómítà ló ti ń jóná tán. Ẹ sọ ìtàn Biela fún wọn. Kọ́mẹ́ẹ̀tì Biela pín sí méjì ní 1846, wọ́n rí méjèèjì ní 1852, látìgbà náà kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Ní 27 November 1872, lọ́jọ́ tí ayé dé ojú ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ já ní wákàtí kan, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1885. Kọ́mẹ́ẹ̀tì odidi ló túká lójú ọ̀nà wa nìyẹn, kò sì pa adìyẹ ẹnì kankan. Kò tíì sí òkúta kan tó já bọ́ láti ara òjò ìràwọ̀ rí.

AdunniFisiksi

Kí ẹnì kan má baà lọ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó fi takò yín lọ́la, bàbá: lálẹ́ 27 November 1885 yẹn gan-an, irin kan já bọ́ látọ̀run sí Mazapil ní Mẹ́síkò. Irin gidi ni, irú èyí tó ń wá látinú ásítẹ́rọ́ìdì, kò jọ eruku kọ́mẹ́ẹ̀tì rárá. Ọjọ́ ló kàn bára mu. Irú irin àti òkúta bẹ́ẹ̀ ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà lọ́dún, kì í dúró de kọ́mẹ́ẹ̀tì.

21 October tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani yẹn, Orionid ni, ọdọọdún ló ń wá, ẹni tó kọ mẹ́sééjì yẹn kàn rí ọjọ́ náà níbì kan ló so ó mọ́ kọ́mẹ́ẹ̀tì tuntun. Tíṣà, dípò kí wọ́n sá wọlé, ẹ ní kí wọ́n jáde lẹ́yìn aago méjì òru pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Kí wọ́n wá Orion lápá ìlà oòrùn, ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan láàárín ẹ̀ kò ṣòroó dá mọ̀, ìràwọ̀ ọkọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run á tẹ̀ lé e yọ. Òṣùpá ló máa dí wọn lọ́wọ́ lọ́dún yìí, àrànmọ́jú lòní, lọ́jọ́ 21 á ṣì mọ́lẹ̀ gan-an. Kí wọ́n kọ̀yìn sí i, kí wọ́n jókòó síbi tí ògiri ti bò ó, kí wọ́n má tan fóònù.

MamaIbejiLeeds

Àwa níbí, kùrukùru ò ní jẹ́ ká rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ ní ti May. Eta Aquariid ga lójú ọ̀run Nàìjíríà ju bó ṣe ga lọ́dọ̀ wa lọ, àwa kì í rí ju díẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ní nǹkan bí 5 tàbí 6 May, òṣùpá á ti wọ̀ kí ó tó di ìdájí. Tí òjò bá gbà fún yín ṣá.

TisaOgbomoso (18 October)

Mo ti kọ May sílẹ̀. Mo fún àwọn ọmọ ní Tempel-Tuttle lálẹ́ àná kí wọ́n lọ ṣe é nílé: q 0.976, e 0.9055, ω 172.5°, Ω 235.3°. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí 0.98 fún node ìsọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan béèrè pé ṣé 0.98 ti tó 1 àbí kò tó, pé àlàfo 0.02 AU ṣì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta kìlómítà. Mi ò tíì dá a lóhùn.

AdunniFisiksi

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn gan-an. Ẹ sọ fún un pé kò ní fi 1 wọn ọ́n, ibi tí ayé wà lọ́jọ́ náà ni kó fi wọn ọ́n, torí ayé náà máa ń súnmọ́ oòrùn díẹ̀ ó sì máa ń jìnnà sí i díẹ̀. Kó kọ́kọ́ wá ọjọ́: 235.3 pẹ̀lú 180, yọ 360 kúrò, ó ku 55.3. Ka ọjọ́ 55 láti 23 September, 17 November nìyẹn, ọjọ́ Leonid gan-an. Ní 17 November ayé wà ní 0.988. Àlàfo wá jẹ́ nǹkan bí 0.008 AU, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ kìlómítà, ó súnmọ́ tó fún eruku tó ti ń dà síbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. 2031 ni kọ́mẹ́ẹ̀tì náà ń padà bọ̀, àwọn ọmọ SS2 yẹn á ti di àgbàlagbà nígbà náà.

Kó tún bá mi ṣe node ìgòkè ẹ̀. Ó yẹ kó rí nǹkan bí 18, ìyẹn lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Uranus. Tó bá rí nǹkan míì, àmì cosine ló yẹ kó padà wò.